TA NI YÓÒ KỌ́ ÒṢÌṢẸ́ TÍ A Ń WÁ?

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ àti Iṣẹ́ sọ ní ìpàdé ọdún Ẹgbẹ́ wa ní Ìkòròdú, níbi tí àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ ti jẹ́ àlejò wa

  Inú wa dùn láti rí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ láàárín wa, nítorí ọ̀sà kan náà ni ó wà ní ẹ̀yìnkùlé àwa méjèèjì, ohun tí ó bá sì dé bá ẹnìkan nínú wa kì í pẹ́ kan ẹnìkejì. Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn agbanisíṣẹ́ ṣe lè rí òṣìṣẹ́ gidi, kí wọn sì tọ́ wọn dàgbà lẹ́nu iṣẹ́, ní àkókò tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń yí padà lójú wa yìí. A ó gbìyànjú láti sọ ọ́ láìfi epo bọ̀yọ̀.

Ẹ̀dùn ọkàn méjì ni a ń gbọ́ ní ìlú wa lójoojúmọ́. Bí a bá bi ọ̀dọ́ kan tí ó dúró sí Sábó ní Ìkòròdú, tàbí èkejì rẹ̀ tí ó jókòó sí Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́, pé kí ni ó ń ṣe, yóò ní, “Kò sí iṣẹ́.” Bí a bá sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá tàbí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tí kò ju yàrá kan lọ, yóò ní, “Kò sí ènìyàn.” Kò sí ẹni tí ó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ ń bẹ tí kò rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ènìyàn sì ń bẹ tí kò rí ẹni tí yóò kọ́ ọ. Ta ni ó wá yẹ kí ó kọ́ ọ? Ìdáhùn tiwa ni pé ẹni tí ó fẹ́ lo òṣìṣẹ́ ni ẹrù kíkọ́ rẹ̀ já lé léjìká jùlọ. Ìjọba ní ipa tirẹ̀, òbí ní ipa tirẹ̀, Ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú sì ní tirẹ̀; ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ tí ó káwọ́ gbera, tí ó ń retí ẹni tí ẹlòmíràn ti kọ́ tán, yóò retí títí.

Láti ìgbà tí a ti dáyé, iṣẹ́ kò sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wa tó báyìí rí. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ẹ̀gbìn, tí ó wà lẹ́bàá Ìjẹ̀dẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 1985. Ẹ̀rọ ńlá mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀, a sì kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti mú iná tí ó tó mẹ́gáwáàtì 220 jáde. Gbogbo wa ni a mọ Odogunyàn àti àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó to lọ bẹẹrẹbẹ níbẹ̀. Ní 23 January 2023 ni a ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà, èyí tí a kọ́ láti lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ní ìhà Ẹ̀pẹ́, nítorí pé lábẹ́ Ẹ̀pẹ́ ni Ìbẹ́jú-Lẹ́kí wà nínú ìpín márùn-ún tí a fi ń ka Ìpínlẹ̀ Èkó, èbúté ọkọ̀ òkun ti Lẹ́kí ṣí ní January ọdún kan náà, a sì ṣí ilé ìfọpo Dangote ní 22 May 2023, èyí tí a kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lóòjọ́. Ní Ketu-Ereyun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ibùdó oúnjẹ ńlá kan ní 2022, níbi tí a ó ti máa kó oúnjẹ jọ, tí a ó sì ti máa pín in kiri gbogbo Èkó. Àgbà ìlú tí ó bá jí láti ojú oorun ogójì ọdún kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ wọ̀nyí ń bọ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn nínú wa ni ìwé: kí Ẹgbẹ́ kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ báyìí, kí Kábíyèsí bá wa fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́, pé kí wọn ya iye àyè báyìí sọ́tọ̀ fún ọmọ onílẹ̀. A kò kẹ́gàn ìwé. Ẹni tí ó fi oko baba rẹ̀ sílẹ̀ tàbí tí omi ìpẹja rẹ̀ dàrú nítorí ilé iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ìwé ń gbé ọmọ wa dé. Ẹnu géètì ni. Yóò wọ aṣọ sìkọ́ríìtì, yóò máa ṣí ilẹ̀kùn fún ọkọ̀. Tàbí kí ó gbá ilẹ̀, tàbí kí ó ru ẹrù. Kò sí ìjòyè tí ó lè fi ìwé gbé ọmọ jókòó sídìí ẹ̀rọ tí kò mọ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìfọpo yìí kan náà. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ ni wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ènìyàn wa sì pariwo púpọ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n kí ilé ìfọpo náà tó ṣí, wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà lọ sí Íńdíà kan náà láti lọ kọ́ iṣẹ́ ìfọpo. Ojú kan ni a ti rí ọ̀ràn méjèèjì. Níbi tí a ti kọ́ ọmọ Nàìjíríà, a rí i lò. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, a lọ kó ẹlòmíràn wá. Ariwo kò lè ṣe ohun tí ẹ̀kọ́ kò ṣe.

Ẹnìkan lè ní, “Ṣebí nítorí èyí ni a ṣe ní ilé ẹ̀kọ́?” Bẹ́ẹ̀ ni, a sì dúpẹ́ pé a kò ṣe aláìní. Ìkòròdú ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, Odomola ní Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ ní 1977, tí a mọ̀ sí Pólì fún ọ̀pọ̀ ọdún, di Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Tẹknọ́lọ́jì ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ẹ̀pẹ́, Yaba Tẹ́ẹ̀kì pẹ̀lú sì ní ọgbà síbẹ̀. A bá gbogbo wọn yọ̀. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà wá láàyè kí a sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ní dùn mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wa nínú: bí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ bá ń fẹ́ di yunifásítì, bí gbogbo ènìyàn bá fẹ́ gun ẹṣin, ẹ bá wa wá ẹni tí yóò ṣe gàárì.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ilé ẹ̀kọ́ kò lè dá a ṣe. Ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kì í bá ti ilé iṣẹ́ dọ́gba. Kí olùkọ́ tó mọ èyí tí ó dé lọ́dún yìí, òmíràn á ti dé. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi dá ètò kan sílẹ̀ ní 1973 tí a mọ̀ sí SIWES, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ lo oṣù díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè kan irin. Ètò náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọmọ yín bí wọ́n ṣe lo oṣù náà. Òmíràn rìn káàkiri Odogunyàn títí bàtà rẹ̀ fi lu, kò rí ẹni tí yóò gbà á. Òmíràn rí àyè, ó sì lo oṣù mẹ́fà ní ríra búrẹ́dì fún àwọn ọ̀gá. Òmíràn kò dé ibẹ̀ rárá, wọ́n kàn bá a fi ọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ni. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe èyí ni yóò sọ lẹ́yìn ọdún méjì pé àwọn tí ó gba ìwé ẹ̀rí kò mọ nǹkan kan.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ní ayé àwọn baba wa, àwọn agbanisíṣẹ́ ńlá kò dúró de òṣìṣẹ́ tí ó ti gbọ́n tán, nítorí pé kò sí irú rẹ̀ níbi kan. Ilé iṣẹ́ Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tà a gba ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti kàwé díẹ̀, a fi í sí abẹ́ ọ̀gá, a máa san owó kékeré fún un bí ó ti ń kọ́ iṣẹ́. Michael Imoudu, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Rélùwéè, tí orúkọ rẹ̀ sì kàn káàkiri nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ 1945, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni òun náà ní ilé ẹ̀rọ wọn kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ kò sì ní kí ó dákẹ́ nígbà tí owó kò tó jẹun. Ìyẹn náà jẹ́ èrè ẹ̀kọ́, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ agbanisíṣẹ́.

Ní 1948, nígbà tí àwọn ènìyàn wa ń béèrè pé kí ọmọ Nàìjíríà gba ipò gíga nínú iṣẹ́ ìjọba, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan tí Hugh Foot jẹ́ alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò fi mọ sí pé kí a fún ọmọ Nàìjíríà ní àga. Ó ní kí a fún wọn ní owó ẹ̀kọ́ kí wọn lọ kọ́ ohun tí àga náà ń béèrè. Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí jẹ nínú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò òyìnbó pẹ̀lú kò jókòó. Ní 1964 ni UAC gba ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò kan tí a ń pè ní Ernest Shonekan. Wọ́n gbé e láti ipò dé ipò, wọ́n rán an lọ sí Harvard ní Amẹ́ríkà láti kọ́ nípa ìṣàkóso iṣẹ́, ní 1980 ó sì di alága àti ọ̀gá àgbà wọn. Ọdún 16 ni kíkọ́ ẹnìkan yìí gbà. Àwọn agbanisíṣẹ́ wa òde òní ń fẹ́ rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn olówó nìkan ni a ń bá wí o. Agbanisíṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́ olókè nìkan. Mẹkáníìkì ni, télọ̀ ni, bíríkìlà ni, oníbúrẹ́dì ni, ẹni tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ aládàáni sílẹ̀ ni. Ìyá tí ó ń yan ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tí ó ní ọmọbìnrin mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ni. Bí a bá ka àwọn tí ó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀yin ni ẹ pọ̀ jù. Nítorí náà ọ̀dọ̀ yín ni a ó ti pẹ́ jù.

Ìlànà tí àwọn baba wa fi lélẹ̀ fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ dára púpọ̀. Òbí a mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, a san owó ìwọṣẹ́, wọn a dá ọdún, ẹlẹ́rìí a wà níbẹ̀. Ọmọ a máa wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ títí ọwọ́ tirẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Báyìí ni a ṣe kọ́ àwọn agbẹ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ọkọ̀ tí omi kò ráyè wọ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá parí, a ó ṣe fúríídọ̀mù, ọ̀gá a gbé ọwọ́ àdúrà lé e lórí, gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà a sì mọ̀ pé ẹnìkan ti kún wọn.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni a ń dé tí a ń bá ọ̀gá nìkan tí ó ń dá a ṣe, irun rẹ̀ ti funfun, kò sí ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní sùúrù. Wọ́n ní ọ̀kadà ń mú owó wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ta ni yóò wá jókòó ọdún mẹ́ta láìgba kọ́bọ̀? Wọ́n ní èrú orí íntánẹ́ẹ̀tì ti fọ́ àwọn ọmọ lójú. Òtítọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ẹjọ́ tiwọn.

Wọ́n ní ní ọdún àkọ́kọ́, omi ni àwọn ń pọn. Wọ́n ń fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá, wọ́n ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń lọ ata. Wọ́n ní ọ̀gá kì í jẹ́ kí àwọn fi ọwọ́ kan ibi tí iṣẹ́ náà gan-an wà. Bí ó bá kan ibẹ̀, a rán wọn lọ ra nǹkan, nítorí ó ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá mọ̀ ọ́n tán yóò ya ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Wọ́n ní bí ọdún bá pé, a sún un síwájú. Wọ́n sì ní owó fúríídọ̀mù ni ó burú jù: páálí ọtí mélòó, agolo mílíìkì mélòó, aṣọ ẹgbẹ́, àga, ìlù, àti owó fún ọ̀gá. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní yóò sá lọ ní oṣù tí ó kù kí ó parí, yóò sì di oníṣẹ́ tí kò ní ìwé, tí ọ̀gá rẹ̀ kò ní kí i lójú títì. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, a fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: kì í ṣe ọ̀kadà ni ó lé gbogbo wọn lọ.

Ẹ wo àwọn ará wa Ìgbò. Nínú ìlànà òwò tiwọn, ọmọ tí ó bá sin ọ̀gá rẹ̀ dé ọjọ́ àdéhùn, ọ̀gá ni yóò fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni a ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlànà tiwọn náà ní àlébù, àwọn ọ̀gá kan ń fi ẹ̀sùn lé ọmọ lọ kí ọjọ́ àdéhùn tó pé. Síbẹ̀ ẹ fi òòtọ́ inú dáhùn: èwo nínú méjèèjì ni yóò fa ọmọ mọ́ra? Òfin ilẹ̀ wa pàápàá mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ṣẹ́. Òfin Òṣìṣẹ́ tí ó ti wà láti 1974 ní kí àdéhùn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 wà nínú ìwé, kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ gbà á, kí ó má sì ju ọdún márùn-ún lọ.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì ti yí padà. Mọ́tò tí ó ń dé nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà ni ó ń sọ àìsàn rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe rìwáyà lánàá, sólà ni wọ́n ń pè é sí lónìí. Ọ̀gá tí ó gbó nínú iṣẹ́ mọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń dún nígbà tí ó bá fẹ́ kú. Ọmọ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga lè ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sójú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ọ̀gá tí ó bá gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ó ń fún un ní owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń kọ́ ara wọn, ni iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a má sì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin, tí àwọn kan ń lé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà bí ẹni pé iná mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin.

A yíjú wàyí sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Àwọn ọ̀gá wọn ń ráhùn fún wa pé òṣìṣẹ́ kì í pẹ́. Báwo ni yóò ṣe pẹ́? Kọ́ńtírátọ̀ ni ó gbà á síṣẹ́, ojúmọ́ ni ó ń gba owó, kò ní ìwé kan lọ́wọ́ tí ó sọ pé ibẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Òfin Òṣìṣẹ́ kan náà ní kí oṣù mẹ́ta má kọjá kí agbanisíṣẹ́ tó fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó sọ irú iṣẹ́ rẹ̀ àti owó rẹ̀. Láti July 2024, owó oṣù tí ó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000, ìjọba Èkó sì kéde ₦85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní October ọdún náà. Ẹni tí ó ń gba èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń fi èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ wọ ọkọ̀, yóò lọ ní ọjọ́ tí ó bá rí ibi tí ó fi ₦5,000 ju ibẹ̀ lọ. Kí ni ilé iṣẹ́ yóò wá kọ́ ọ fún?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wúwo lẹ́nu wa láti sọ níbi àjọ̀dún, ṣùgbọ́n ìlú yìí kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ní September 2002, iná jó ilé iṣẹ́ kan ní Odogunyàn níbí, ilẹ̀kùn sì wà ní títì mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó bá a lọ. Títí di òní, ìyá wà ní àdúgbò wa tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kankan, kò sì sí ìpolówó tí ó lè yí i lọ́kàn padà. Agbanisíṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kí ọmọ ènìyàn wá sọ́dọ̀ òun, kí ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ó fi hàn wá bí àwọn tí ó wà nínú ilé yóò ṣe jáde bí ewu bá dé. Kí ó tó sọ ti ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Ti ẹ̀kọ́ náà sì ní owó tí ó ti wà nílẹ̀ fún un, èyí ni ó sì ń yà wá lẹ́nu jù. Ní 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àpò Owó Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ITF. Gẹ́gẹ́ bí òfin rẹ̀ tí a tún ṣe ní 2011, agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí òwò rẹ̀ tó ₦50,000,000 lọ́dún, gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò náà. Bí ó bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀, ó lè gba tó ìdajì ohun tí ó san padà. Òfin náà sì ní kí ilé iṣẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá rán wá kọ́ṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń san owó yìí bí ẹni ń san owó orí, wọn kì í kọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì bèèrè nǹkan kan padà. Àwọn oníléèwé aládàáni wa àti àwọn oníbúrẹ́dì ńlá tí òfin yìí kàn pẹ̀lú, àwọn mélòó ni ó tilẹ̀ mọ̀ pé ó kàn wọ́n?

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní ṣàì mọ irú rẹ̀. Láti April 2017, agbanisíṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn lọ lọ́dún ń dá owó kan sílẹ̀ fún kíkọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ní Jámánì, òfin ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn ti wà láti 1969: ọmọ a lo ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ ní ilé iṣẹ́, a lo ìyókù ní ilé ẹ̀kọ́, ilé iṣẹ́ a sì máa san owó fún un ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń kọ́ ọ. Ohun tí àwọn baba wa ń ṣe lábẹ́ igi ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ìwé, owó àti ọjọ́ tí kò ṣeé sún.

Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀ yìí kan náà ni ọ̀ràn àwọn nọ́ọ̀sì kàn. Àwọn ilé ìwòsàn wa ń kọ́ wọn, ilẹ̀ òkèèrè ń kó wọn lọ. Ní February 2024, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó bá a fi ẹ̀rí ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun. Inú àwọn nọ́ọ̀sì bàjẹ́, wọ́n sì jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Àwa kò lè dá wọn lẹ́bi. Ilẹ̀kùn títì kì í dá òṣìṣẹ́ dúró, ó kàn ń mú kí ó máa ṣọ́ fèrèsé ni. Ẹni tí ó ní ilé ìwòsàn ní Ìkòròdú kò lè san owó Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ó lè san owó ní ọjọ́ tí ó dá, ó lè wá yàrá sí tòsí fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ òru, ó lè rán ọ̀kan lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ọdún kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ìyókù mọ̀ pé yóò kan àwọn. Kékeré kọ́ ni ìrètí ń ṣe lára òṣìṣẹ́.

Ohun tí a wá bẹ Ẹgbẹ́ láti ṣe kò pọ̀. A fẹ́ kí ìwé tí Ẹgbẹ́ yóò máa kọ sí àwọn ilé iṣẹ́ láti ìsinsìnyí lọ máa bèèrè iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn yóò nílò ní ọdún méjì sí i àti iye ẹni tí wọn yóò fẹ́, kí a fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti Ìkòròdú àti ti Odomola, kí a sì bèèrè pé kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ọmọ díẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyẹn ni ìwé tí ó lè gbé ọmọ kọjá géètì.

A fẹ́ kí àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́. Ọ̀gá tí ó bá forúkọ sílẹ̀ yóò gbà láti kọ ọjọ́ ìparí sínú ìwé, láti máa fún ọmọ ní owó oúnjẹ láti ọdún kejì, láti má sì gba ju iye kan tí gbogbo wa bá fẹnu kò sí lọ fún fúríídọ̀mù. Ẹgbẹ́ ní tirẹ̀ yóò máa darí ọmọ sí i, yóò sì tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ọdọọdún yìí, kí ẹni tí ó ń kọ́lé láti òkèèrè mọ ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ fún.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, a mọ oore yín. Olóògbé Michael Otedola, ọmọ Odorágunṣin, tí ó ṣe gómìnà Èkó ní 1992 sí 1993, ti dá ètò owó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti 1985 fún àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ń lọ yunifásítì, ọ̀pọ̀ ni ó sì jẹ àǹfààní rẹ̀. A ń wá ẹni tí yóò ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ tí yóò di wẹ́dà. Owó tí ẹ̀ka kan fi ń ra aṣọ ẹgbẹ́ fún àjọ̀dún kan lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọ mélòó kan ní ọjọ́ tí wọ́n bá parí iṣẹ́, kí wọn máa san án padà díẹ̀díẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ń lò nílé ní oṣù December, ẹ bá wa ya ọjọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ láti jókòó ti àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì Akọ̀wé ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí. Kí ọ̀gá tí ó bá gbà kọ orúkọ rẹ̀, irú iṣẹ́ rẹ̀, àti iye ọmọ tí ó lè gbà. Ẹni tí kò bá mọ ìwé kọ, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ tí yóò bá a kọ ọ́. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ yóò mú tiwọn lọ sílé, nítorí àwọn náà fẹ́ ṣe é lọ́dọ̀ wọn. Ní Sátidé kejì oṣù tí ń bọ̀, ní agogo 10 òwúrọ̀, a ó pe gbogbo àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ jọ láti dá iye owó fúríídọ̀mù. Ẹni tí ohun tí a sọ nípa rẹ̀ bá dùn lọ́kàn, kí ó wá pẹ̀lú. A mọ̀ pé ẹ pọ̀, a ó sì tọ́jú àga sílẹ̀ dè yín.